Ife Kejì Nínú Ilé Ọ̀mùtí

Ní Lomé, bí ọkùnrin kan bá ń mu sódábì ní àmupara, gbogbo àdúgbò ni yóò mọ̀. Wọ́n mọ ibi tó ṣubú sí, wọ́n sì mọ ẹni tó gbé e wọlé. Ẹni tó gbé e wọlé yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí: ìyàwó, àbúrò, tàbí ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún. Aláàánú ni ẹbí kà á sí. Nítorí náà, kò sí ẹni tó ń ka iye ife tí òun fúnra rẹ̀ ń mu.

Ìyàwó mìíràn á jókòó ti ọkọ rẹ̀ mu, kí ó má baà jáde lọ sọ́dọ̀ ọlọ́tí. Òmíràn á fi ife kan wá oorun lẹ́yìn ariwo òru. Ọmọ tí a ń rán lọ ra ọtí á tọ́ ọ wò lójú ọ̀nà. Bí ìsìnkú bá sì dé, tí ife ń yí agbo ká, ta ni yóò wí pé òun kò mu? Sódábì tí a sè láti inú ẹmu, tí a rẹ egbò àti èèpo igi sí, kì í sábà ní àmì agbára lára ìgò rẹ̀. Ẹni tó ń pè é ní oògùn (wọ́n sì pọ̀!) lè ti mu ún kọjá ààlà kí ó tó fura.

Àjogúnbá pẹ̀lú ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní 1973, Donald Goodwin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin kan ní Dẹ́nmáàkì tí a fi fún alágbàtọ́ láti kékeré. Àwọn tí òbí tó bí wọn jẹ́ ọ̀mùtí di ọ̀mùtí ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ wọn kò gbé lọ́dọ̀ òbí náà. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò di ọ̀mùtí rárá.

Ní Amẹ́ríkà, láti 1951 ni Lois Wilson, tí ọkọ rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀mùtí rí, ti bá wọn dá ẹgbẹ́ Al-Anon sílẹ̀ fún ìtìlẹ́yìn àwọn ẹbí. Níhìn-ín, ìbéèrè kan péré la lè fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀mùtí dé ilé ìwòsàn CHU Campus, tàbí Zébé ní Aného, kí òṣìṣẹ́ ìlera yíjú sí ẹni tó sìn ín wá: “Ẹ̀yin náà ńkọ́?”

Bí onítọ̀hún bá ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lówùúrọ̀ kí ó tó fẹnu kan ọtí, kí ó má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì nílé. Gìrì lè gbé e. Lábẹ́ ojú dókítà ni kí ó ti fi í sílẹ̀.