Fífi Orúkọ Sílẹ̀ fún Ìpàdé Oníṣòwò

Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ tí ẹ ń ná ọjà Máìlì 12, ẹ ó rántí oṣù kẹjọ ọdún 2019 tí ìjọba ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa. Ọkọ̀ ẹrù tò sí Sẹ̀mẹ̀. Oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i.

Ẹgbẹ́ Oníṣòwò Èkó, Lagos Chamber, tí a dá sílẹ̀ ní 1888, a máa pe ìpàdé lórí irú òfin bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè bóyá ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lè wá, kí ẹ sì tètè fi orúkọ àti irú òwò yín sílẹ̀ kí àyè tó kún. Bí ìyá kò bá mọ̀wé, kí ọmọ rẹ̀ bá a kọ ọ́, ìbéèrè rẹ̀ pẹ̀lú: èló ni owó ibodè lórí ẹrù mi, ta ni ó sì ń gbà á?