Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Yọjú sí Olùkọ́

Ẹ̀yin ará wa ní Wuye, òfin ọdún 2004 ní kí òbí rí i pé ọmọ parí ẹ̀kọ́ ọdún 9. Ó dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kì í yọjú sí ilé-ìwé àfi bí wọ́n bá béèrè owó.

Ẹ wo ọmọ tí olùkọ́ ń pè ní olódo nítorí pé kì í da ohun tí ó wà lójú pátákó kọ dáadáa. Nílé, ìyá rẹ̀ ti rí i pé ó máa ń fún ojú pọ̀ kí ó tó ríran. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọn yóò mọ̀ pé dókítà ojú ni ọmọ ń fẹ́, kì í ṣe pàṣán.

Ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tijú. Ẹ mú ọ̀kan nínú wa dání.