Òótọ́ àbí irọ́? "Ẹsẹ̀ tó ń jó alátọ̀gbẹ, kálísíọ́mù ló ń fẹ́"

Bí ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ bá ń jó o, tó ń gún un lóru, tí kíndìnrín rẹ̀ sì ti ń dáṣẹ́ sílẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní kó lọ ra kálísíọ́mù. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí wò.

Ó ní ibi tó ti wá. Kíndìnrín ló ń sọ fítámì D di èyí tí ara fi ń gba kálísíọ́mù nínú oúnjẹ. Bó bá kú, kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀ lè dín lóòótọ́, èyí tó bá sì dín gan-an máa ń jẹ́ kí ìka ọwọ́ àti ètè kú tipiri. Ẹni tó ronú débẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Kò kàn tíì ronú dé òpin ni.

Kíndìnrín tó ti kú kò lè lé fọ́sífétì jáde mọ́. Ni àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó wà lọ́rùn bá ń tú họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní PTH, tó ń fa kálísíọ́mù yọ látinú eegun, níbi tí nǹkan bí 99% kálísíọ́mù ara wà. Kálísíọ́mù yìí àti fọ́sífétì á so pọ̀, wọ́n á sì le bí ẹfun síbi tí kò yẹ wọ́n. Oníṣègùn Rudolf Virchow ti ṣàkíyèsí irú rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1855. Lọ́dún 1903, oníṣègùn mìíràn, Johann Mönckeberg, ṣàlàyé èyí tó ń wọ ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Fọ́tò X-ray ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ máa ń fi í hàn nígbà míì, ìlà funfun gbọọrọ. Òpó náà lè le débi pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ní ọrùn ẹsẹ̀ kò ní lè fún un pa, iye tó máa gbé jáde á sì ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kódà, àwọn oníwádìí ti rí kálísíọ́mù nínú awọ tó bo iṣan ìmọ̀lára àwọn alátọ̀gbẹ kan.

Ṣé kálísíọ́mù, yálà ó dín ni o tàbí ó ń le, wá ló ń jó ẹsẹ̀? Kì í sábà jẹ́ òun. Ṣúgà tó ti pọ̀ lẹ́jẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, àti ìdọ̀tí tí kíndìnrín kò lé jáde mọ́, ló sábà ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Kálísíọ́mù kò lè tún ìyẹn ṣe.

Nítorí náà, irọ́ ni, irọ́ tó sì léwu: èyí tí a bá gbé mì láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò lè lọ kún èyí tó ń le nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2017, KDIGO, àjọ àgbáyé tó ń tọ́ àwọn dókítà sọ́nà lórí àìsàn kíndìnrín, dábàá pé kí wọ́n dín oògùn alákálísíọ́mù tí wọ́n fi ń de fọ́sífétì kù. Àwọn kan nílò kálísíọ́mù lóòótọ́. Bí dókítà bá ti kọ ọ́ fún yín, ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín. Ẹ ní kó fi iye kálísíọ́mù, fọ́sífétì àti họ́mọ̀nù PTH inú ẹ̀jẹ̀ yín hàn yín.