Fọ́ọ̀mù Ni Kẹ́ Ẹ Lọ Wò

Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni mo ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama ní Iléṣà kí n tó fẹ̀yìn tì, èmi náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Bíbélì láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí kì í yé bi mí: “Tíṣà, ṣé bọ́ọ̀lù yìí ò ní gba ọmọ mi lọ́wọ́ Jésù báyìí?” Mo máa ń ní kí wọ́n fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí ọmọ wọn buwọ́ lù ni kí wọ́n lọ wò.

Ọ̀rọ̀ Sọ́ńdè ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Wọ́n á mẹ́nu ba Eric Liddell, ọmọ Scotland tó kọ̀ láti sá eré 100 mítà ní ìdíje Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 1924 nítorí pé ọjọ́ Sọ́ńdè ni ìpele àkọ́kọ́ bọ́ sí. Ó sá 400 mítà dípò rẹ̀, ó sì gba wúrà. Ìtàn náà dùn mọ́ èmi náà. Àmọ́ Liddell ti mọ ọjọ́ eré yẹn ní ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú, ó ráyè múra eré mìíràn sílẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tí kóòṣì ránṣẹ́ sí lálẹ́ Sátidé pé ìgbáradì di aago méje òwúrọ̀ ọ̀la kò nírú àyè bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́, èmi ò ní bá a jà.

Ibi tí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa ti ń yọ̀ gan-an ni ọjọ́ orí. Ọmọ ọdún 19 mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹni tó fẹ́ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣa agbábọ́ọ̀lù á ní ó ti dàgbà jù, kó kọ 16 sínú fọ́ọ̀mù. “Ta ni kì í ṣe é?” Bàbá ọmọ, tó jẹ́ díákónì, á bá a dé kóòtù láti lọ búra pé ọdún báyìí lòun bí i. Kí sì ni Kristẹni ń gbé lọ́wọ́ bó bá ń búra ní kóòtù? Bíbélì ni.

Orílẹ̀-èdè wa ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún 1989, FIFA lé àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ wa kúrò nínú ìdíje fún ọdún méjì nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan ń yí padà láti ìdíje kan sí òmíràn. Ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ti 1991, tó yẹ ká gbàlejò rẹ̀, bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ Potogí ló gbà á. Nígbà tí ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ wáyé nílẹ̀ wa ní 2009, ẹ̀rọ MRI ni FIFA gbé wá. Ẹ̀rọ yìí ń ya àwòrán egungun ọrùn ọwọ́. Lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà, egungun rírọ̀ kan wà nítòsí orí egungun náà; bí ọmọ bá ti ń di géńdé, ibẹ̀ á le, á sì dí pa. Ìwé kóòtù lè ní ọdún 16, egungun kì í búra.

Àwa Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí tètè yé. Àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn, àwọn Òṣómàáló, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ọjọ́ orí ń dúró de ọmọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ kọ̀ jálẹ̀ láti dín ọjọ́ orí rẹ̀ kù. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní òfin kẹsàn-án pé ká má jẹ́rìí èké, sà.” Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wá bá mi nílé, ó ní mo ti ba ayé ọmọ òun jẹ́, ó sì pẹ́ kó tó tún kí mi. Ẹ má retí pé màá sọ pé ọmọ náà padà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe ní Òṣogbo báyìí. Èyí tó dùn mí ni pé kò sí alàgbà kankan tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Oògùn náà tún ń bẹ nídìí bọ́ọ̀lù. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, ẹnì kan á gbé omi wá pé kí gbogbo ẹgbẹ́ fi bọ́jú, á ní kí wọ́n fẹ̀yìn wọ pápá. Iléṣà mà nìyí o, níbi tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ katakata tó ń tẹ títì tẹ́lẹ̀, ti wàásù ní Òkè-Oòyè ní 1930, tí àwọn èèyàn ń ru oògùn wọn jáde láti lọ sun ún! Ọmọ-ọmọ àwọn tó sun ún ni wọ́n ń fi omi lọ̀ yìí. Kí n sì sọ tèmi: ańkáṣíìfù wòlíì tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ kí góòlù lè wọlé, mi ò rí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti òrùka oògùn.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń sáré, Tóbi Amúsàn ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ní July 2022, ní Eugene, Amẹ́ríkà, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 sá 100 mítà tí wọ́n ń fo igi kọjá. Ẹnikẹ́ni ò sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé àwọn tó ń yẹ ara eléré wò fún oògùn tí kò bófin mu kò bá a nílé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù 12. Eléré tó bá dé ipò rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọ wákàtí kan sílẹ̀ fún ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre ní August 2023, kò sì ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi wà lórí pápá ní Budapest, níbi tó ti ṣe ipò kẹfà. Ẹni tó bá ń lá àlá àtidà bíi tirẹ̀, kó mọ̀ pé òótọ́ orí ìwé ò ní tán títí tí yóò fi bọ́ bàtà sílẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ wa, ẹ máa ń pe ọmọ tó ríṣẹ́ bọ́ọ̀lù lókè òkun síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ pe èyí tí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ nítorí ó sọ òótọ́ náà síwájú, kẹ́ ẹ sì bá a wá iṣẹ́.