Ta Ló Ń Ṣọ́ Èémí Ẹni Tó Sùn?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, Joan Rivers, gbajúmọ̀ aláwàdà ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀nà ọ̀fun àti ikùn ní New York. Wọ́n fún un ní propofol kí ó lè sùn. Èémí rẹ̀ dá, afẹ́fẹ́ kò dé ọpọlọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló kú, ní ẹni ọdún 81.

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu ni dókítà máa ń tì gba ọ̀fun wọ ikùn. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sínú iṣan kí aláìsàn má baà janpata ló gba ìṣọ́ra jù. Bó ṣe ń mú oorun wá ló ń dín èémí kù: ọ̀fun á dẹ̀, ahọ́n á sún sẹ́yìn, rọ́bà sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà náà.

Propofol funfun bíi mílíìkì, nítorí òróró sóyà tí wọ́n fi pò ó. Kíá ni oorun dé. Bí wọ́n bá dá a dúró, kò pẹ́ tí ojú á fi là. Àwọn dókítà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, èémí lè dá, kò sì ní ẹ̀rọ̀ kankan.

Midazolam, oògùn oorun mìíràn, ní ẹ̀rọ̀ tiẹ̀, flumazenil, àmọ́ midazolam fúnra rẹ̀ máa ń pẹ́ lára. Bí wọ́n bá fi fentanyl, oògùn ìrora, kún un, ewu èémí á tún pọ̀ sí i.

Ní ọdún 2020 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí remimazolam fún iṣẹ́ tí kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ìran kan náà ni òun àti midazolam, ṣùgbọ́n ara máa ń tètè fọ́ ọ dànù, flumazenil sì ń ṣẹ́gun rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti fi í wé propofol, àìtó afẹ́fẹ́ àti ìfúnpá tó já wálẹ̀ kò wọ́pọ̀ tó ti propofol. Fún arúgbó tí ara rẹ̀ kò le, àǹfààní ńlá nìyẹn.

Síbẹ̀, oògùn nìkan kò tó. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ní 2020 kan náà, fi hàn pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣi afẹ́fẹ́ tó ti lọ sílẹ̀ kà sí dáadáa lára aláwọ̀ dúdú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun. Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an nìyẹn! Ẹ̀rọ tó ń wọn èémí tí aláìsàn ń mí síta tètè máa ń figbe ta ju ti ìka lọ, pàápàá bí ọ́síjìn bá ti wà nímú rẹ̀.

Ẹni tó bá ń hanrun lóru, tó sanra, tàbí tó jẹun láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kó sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Kó sì béèrè ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá náà kò ju ṣíṣọ́ èémí lọ.