ÌJÍNIGBÉ, OLÈ ORÍ OMI ÀTI ÌGBÉSÙNMỌ̀MÍ: KÍ NI ÒFIN ÀGBÁYÉ WÍ, KÍ NI ÌSÌLÁÀMÙ WÍ?

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tó bá tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.



Ìbéèrè méjì ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí lẹ́yìn wáàsí. Àkọ́kọ́ ni pé: "Àfáà, tí ìjọba bá ń ni wá lára, ṣé kò tọ́ ká mú èèyàn wọn mọ́lẹ̀ títí wọn ó fi gbọ́ tiwa?" Ìkejì ni pé: "Tí wọ́n bá jí èèyàn wa gbé, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká dáwó jọ láti fi gbà á sílẹ̀?" Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

1. MÍMÚ ẸNÌKAN NÍTORÍ ẸLÒMÍRÀN

Ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1979 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àdéhùn tó lòdì sí ìwà yìí wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983. Nǹkan mẹ́ta ni àdéhùn náà kà sílẹ̀. Kí a mú èèyàn tàbí kí a dá a dúró. Kí a halẹ̀ pé a ó pa á, a ó ṣe é léṣe, tàbí pé a ò ní í fi í sílẹ̀. Kí a sì tipa bẹ́ẹ̀ fẹ́ fipá mú ẹlòmíràn, ìbáà ṣe ìjọba, àjọ tàbí ẹbí, láti ṣe ohun kan tàbí láti má ṣe é. Ẹ wo ẹ̀kẹta yẹn dáadáa: ẹni tí wọ́n mú kọ́ ni wọ́n ń bá jà.

Àwọn baba wa mọ irú rẹ̀. Àmúyá ni wọ́n ń pè é. Òjó jẹ gbèsè, kò san, ni olówó bá lọ mú ará ilé Òjó tàbí ará ìlú rẹ̀ lójú ọ̀nà. Súrà Al-An‘ām, áyà 164, ti là á yé wa pé ẹnì kan kì í ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979 náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya wọ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Tehran, ní ilẹ̀ Iran. Èèyàn 52 ni wọ́n há mọ́ fún ọjọ́ 444. Kì í ṣe pé Iran kò ní ẹ̀dùn ọkàn. Wọn kò gbàgbé ọwọ́ tí Amẹ́ríkà ní nínú ìjọba wọn tó dojú dé ní 1953. Síbẹ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980, Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague dájọ́ pé ẹ̀dùn ọkàn yẹn kò sọ mímú aṣojú di ẹ̀tọ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé àwọn adájọ́ kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé àṣà Ìsìláàmù wà lára ohun tó fi ìpìlẹ̀ ààbò àwọn aṣojú múlẹ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí Musaylima òpùrọ́ rán ìránṣẹ́ méjì sí Ànábì (s.a.w.), ọ̀rọ̀ ẹnu wọn burú, àmọ́ ó fi wọ́n sílẹ̀ nítorí pé a kì í pa ìránṣẹ́.

2. OLÈ ORÍ OMI

Àdéhùn Òfin Òkun ti ọdún 1982 sọ pé olè orí omi ni ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kan, tó lọ fipá jalè tàbí tó lọ mú èèyàn nínú ọkọ̀ mìíràn fún èrè ara rẹ̀, lórí òkun tí kò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Orílẹ̀-èdè yòówù ló lè mú un, kó sì dá a lẹ́jọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ láàárín máìlì òkun 12 sí etí ilẹ̀, ìjọba ilẹ̀ yẹn ló ni ẹjọ́.

Àríyànjiyàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀ wa. Lórí ọ̀rọ̀ hirāba, ìyẹn dídánà tó wà nínú Súrà Al-Mā’idah, áyà 33, Imaamu Abu Hanifa ní ẹ̀yìn ìlú nìkan ló wà, níbi tí olùrànlọ́wọ́ kò lè tètè dé. Imaamu Maaliki, tí àwa tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí, ní ìgboro àti ẹ̀yìn ìlú, ọ̀kan náà ni. Dídẹ́rù ba àwọn èèyàn ni ọ̀ràn náà.

Òfin àgbáyé náà rí i pé àlàfo wà. Ní 1985, àwọn tó gba ọkọ̀ Achille Lauro ti wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ bí èrò, kì í sì í ṣe owó ni wọ́n ń wá. Ìtumọ̀ olè orí omi kò bá wọn mu tán. Èyí ló bí àdéhùn tuntun tí wọ́n ṣe ní Rome ní 1988. Nàìjíríà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán ọkùnrin mẹ́wàá lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12, nítorí ọkọ̀ apẹja Ṣáínà tí wọ́n gbà ní 2020.

3. ÌGBÉSÙNMỌ̀MÍ

Títí di òní, ayé kò tíì fẹnu kò sí ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Ibi tí ìjà wà ni pé: ẹni tó ń jà fún òmìnira ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Nítorí náà wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan: jíjá ọkọ̀ òfuurufú gbà ní 1970, bọ́ǹbù ní 1997, owó tí wọ́n fi ń ṣe é ní 1999. Ọdún 1999 yìí náà ni àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí ṣe tiwọn ní Ouagadougou. Àdéhùn 1997 àti ti 1999 sọ ọ́ gbangba pé kò sí àwáwí òṣèlú tàbí ti ẹ̀sìn fún un. Ànábì (s.a.w.) ti kọ pípa obìnrin àti ọmọdé lójú ogun. Ta wá ni ó fi àṣẹ fún àwọn tó kó ọmọbìnrin 276 ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014? Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn: kò tọ́, bó ti wù kí ara máa ni wá tó.

4. OWÓ ÌTÚSÍLẸ̀

Ó ku ìbéèrè kejì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àgbáyé rọ gbogbo ìjọba pé kí wọ́n má jẹ́ kí agbésùnmọ̀mí jèrè owó ìtúsílẹ̀. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni: owó tòní ló ń ra ìbọn tọ̀la. Àmọ́ àdéhùn 1979 kò pe ẹbí tó ń sunkún ní ọ̀daràn. Ajínigbé ló pè bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀sìn, Ànábì (s.a.w.) pa á láṣẹ pé ká tú ẹni tó wà nígbèkùn sílẹ̀, wọ́n sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Imaamu Maaliki pé ojúṣe gbogbo Mùsùlùmí ni, bó tilẹ̀ gba gbogbo owó wọn.

Èrò tèmi ni pé ẹni tó sanwó láti fi gba ẹ̀mí là kò jẹ̀bi. Ọ̀ranyàn ló bá a. Àmọ́ kí ó fi tó ìjọba létí, kí ìjọba sì mọ̀ pé òun ni ààbò wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó jẹ̀bi ni ẹni tó ń ṣe amí fún wọn, tó ń gbà wọ́n sílé, tó ń bá wọn pín owó. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nínú jamáà wa, tá a mọ̀, tá a dákẹ́, a ti bá a pín ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Tí ajínigbé bá wá ronú pìwà dà kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Áyà 34 ṣí ìlẹ̀kùn fún un lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ní ẹ̀tọ́ èèyàn kò bọ́ lọ́rùn rẹ̀: yóò dá owó padà, ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹbí òkú. Kí àwọn tó ń ṣètò ìdáríjì rántí èyí.

Kí Ọlọ́hun tú gbogbo ẹni tó wà lọ́wọ́ ajínigbé sílẹ̀. Kí Ó dá wọn padà sílé ní àlàáfíà. Kí Ó má fi ọmọ wa ṣe ẹni tí wọn yóò jí, kí Ó má sì fi ọmọ wa ṣe ẹni tí yóò jíni gbé. Āmín.