Ìdíje ọtí mímu láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Ìdí tí ‘ẹ jẹ́ kó sùn, ọtí á dá lójú rẹ̀’ fi léwu

Ní Òsí àti Ìlọ́fà, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ètò wà nídìí ẹmu. Ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí ọkàn àwọn yòókù lè balẹ̀, lẹ́yìn náà ni ahá yóò ti ọ̀dọ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ló máa ń pọ̀ ju ẹmu lọ níbẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé àṣà yìí wọ ilé ìwé gíga. Ní Yunifásítì Ifẹ̀ ni ẹgbẹ́ Kegites ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tòun torin, tòun tìlù, ẹmu sì ni ọtí tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó ba òbí lẹ́rù lónìí yàtọ̀ sí èyí: kí ọmọ dá ọtí líle sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà níbi ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ ìparí ìdánwò, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ka ení, èjì fún un.

Agbára ẹmu kì í sábà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ti ògógóró àti ọtí inú ọ̀rá lè kọjá ogójì. Ní ọdún 2024 ni àjọ NAFDAC gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí ọtí inú ọ̀rá, nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì rọrùn fún ọmọdé láti fi pamọ́.

Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ ọtí mọ́ lára, kì í sì í kánjú. Ìgò bíà ńlá kan ṣoṣo lè gbà á tó wákàtí méjì sí mẹ́ta. Bí ọmọ bá da púpọ̀ mu láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tó wà nínú ikùn yóò ṣì máa wọnú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn lọ. Ọpọlọ tó ń darí èémí yóò máa rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá bì, èébì lè pa á, torí kò lè wúkọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Stone Foltz, akẹ́kọ̀ọ́ ẹni ogún ọdún ní ìpínlẹ̀ Ohio, l’Amẹ́ríkà, ṣe kú ní oṣù kẹta, ọdún 2021. Wọ́n ní kó mu ìgò ọtí líle kan tán níbi ìgbaniwọlé ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé e padà sílé rẹ̀, wọ́n fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá jí ọ̀rẹ́ yín tí kò jí, bí ara rẹ̀ bá tutù, tàbí tí èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ kó tó padà, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ sì wá ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa, kọfí tàbí omi sí i lẹ́nu, ẹ má sì wẹ̀ ẹ́ lómi tútù. Ẹ sọ òótọ́ iye tó mu fún dókítà. Ìtìjú kò tó ikú.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Àwọn tó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ahá káàkiri kò fi agídí gbé e sẹ́nu ẹnikẹ́ni.